Ìjánu inú ṣọ́ọ̀kì iwájú: bí a ṣe ń tún ti alùpùpù àtijọ́ ṣe

Ẹni tó bá ti gun alùpùpù láti Adó-Èkìtì, tó gba Ìyìn àti Ìgẹ̀dẹ̀ kọjá Arámọkọ lọ sí apá Ìtawúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, á ti bá ohun tí mo fẹ́ sọ yìí pàdé. Ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bọ́ǹpù kan yọ níwájú, ẹ tẹ bíréèkì. Iwájú máṣíìnì rì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni fẹ́ foríbalẹ̀. Kó tó gbérí, táyà ti kan bọ́ǹpù. Irin kan irin nínú ṣọ́ọ̀kì, gbà! Ẹ sì mọ̀ ọ́n lára láti ọrùn ọwọ́ títí dé èjìká.

Máṣíìnì kan náà tó rì jù nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì, òun náà ló máa ń le bí òkúta nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò kékeré tí etí rẹ̀ mú. Ó rọ̀ jù, ó tún le jù, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún mẹkáníìkì, á bi yín pé èwo gan-an lẹ fẹ́, kó le ni àbí kó rọ̀? Ìbéèrè yẹn ló ń da ọ̀rọ̀ náà rú fún gbogbo wa. Ibì kan wà tó yẹ kó le, ibì kan wà tó yẹ kó rọ̀, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kò sì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Tèmi ni Honda XL 185 S tí bàbá mi fi ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko káàkiri Ìkọ̀lé àti Ọmùò ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀. Mi ò ní tà á, mi ò sì fẹ́ gbé e sílé fún wíwò. Mo fẹ́ máa gùn ún ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara balẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì yìí, kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé má baà ná owó tí èmi ná síbi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni gbogbo wa ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Àkọ́kọ́ ni sípíríǹgì, irin tó ká yípo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ìwúwo máṣíìnì àti ti ẹni tó jókòó lé e. Ohunkóhun tí ẹ bá fi tẹ sípíríǹgì, ó máa dá a padà fún yín pátá. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀, bọ́ǹpù kan ṣoṣo á mú kí iwájú máṣíìnì máa fò sókè fò sódò bí bọ́ọ̀lù tí ọmọdé jù sílẹ̀. Èkejì ni ọ́ìlì tó wà nínú páìpù pẹ̀lú àwọn ihò tó ń gbà kọjá. Ọ́ìlì kò gbé ẹrù kankan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fa sípíríǹgì sẹ́yìn, nígbà tó bá ń wọlẹ̀ àti nígbà tó bá ń padà sókè, ó sì ń sọ agbára ìfò yẹn di ooru. Sípíríǹgì ni ẹṣin, ọ́ìlì ni ìjánu. Ìjánu yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kàn nígbà tí wọ́n bá ń tún ṣọ́ọ̀kì ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín mọ̀ ọ́n, ẹ wá síríǹjì kan tí wọ́n kò tíì lò, ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fa omi sínú rẹ̀. Ẹ rọra tì í, omi á jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń dí i lọ́wọ́. Ẹ wá tì í pẹ̀lú agbára lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé ó ń bá yín jà. Omi kò yí padà, ihò kò sì yí padà, eré tí ẹ fi tì í nìkan ló yí padà. Ẹ tún fi epo pupa rọ́pò omi láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí epo bá ń fẹ́ dì, ẹ ó rí i pé àtirọra tì í pàápàá di iṣẹ́. Bí ọ́ìlì ṣe ki sí ni ìyẹn. Nǹkan mẹ́ta péré ló ń pinnu bí ìjánu ṣe le tó: bí ihò ṣe fẹ̀ tó, bí ọ́ìlì ṣe ki tó, àti bí ìtì náà ṣe yá tó.

Inú ṣọ́ọ̀kì iwájú àwọn alùpùpù ìgbà yẹn, ọ̀pá kan ló dúró láàárín, ihò wà lára rẹ̀. BMW ló kọ́kọ́ ta alùpùpù tí fọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, jẹ́ páìpù tó ń wọnú ara wọn tó sì ń fi ọ́ìlì kó ara rẹ̀ níjàánu, ìyẹn R12 àti R17 ní 1935. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ihò tí a gbẹ́ sára irin tí kò lè fẹ̀ sí i, tí kò sì lè fún sí i, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbójú lé. Ó rọrùn láti ṣe, kò gbówó lórí, kì í sì í tètè bàjẹ́. Mi ò bú u. Àmọ́ ó ní àbùkù kan tí kò sí ọgbọ́n ọ́ìlì tó lè wò ó sàn.

Àbùkù náà nìyí. Nígbà tí ọ́ìlì bá ń gba ojú ihò bẹ́ẹ̀ kọjá, bí eré ìwọlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ihò fi ń kọ̀ ọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìkọ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ má ṣe rò pé eré tí ẹ ń sá lójú títì ni mò ń sọ. Ibí yìí ni mo ti ṣìnà fún oṣù bíi mélòó kan. Eré tí páìpù fi ń wọnú ara rẹ̀ ni mò ń wí. Ẹ lè máa sáré gan-an lójú títì tó dán, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ṣọ́ọ̀kì máa rọra rì. Ìwọlẹ̀ tó falẹ̀ ni ìyẹn. Ẹ sì lè máa rìn jẹ́jẹ́ ní àdúgbò, kí táyà kan etí kòtò tó mú, kí páìpù ta wọlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí a lè fi ṣẹ́jú. Ìwọlẹ̀ tó yá ni ìyẹn.

Ẹ wá fi òfin ìlọ́po yẹn sí i. Lórí bíréèkì, ìwọlẹ̀ falẹ̀, nítorí náà ihò kò kọ̀ rárá, iwájú máṣíìnì rì gbùú, ó sì ti ná gbogbo àyè tó yẹ kó fi gba bọ́ǹpù tó ń bọ̀. Lórí etí kòtò, ìwọlẹ̀ yá, ìkọ̀ di ìlọ́po ìlọ́po, ọ́ìlì kò ráyè kọjá, ṣọ́ọ̀kì di bí igi. Ọwọ́ yín ló wá ń ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe àìsàn méjì. Ihò kan ṣoṣo tí kò lè yí padà ló bí méjèèjì.

Àwọn oògùn tí a sábà máa ń lò fún un ni mo ti lò tán. Mẹkáníìkì kan tí mo gbé e lọ bá sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i, á le." Ó dà á sí i, ó sì le lóòótọ́. Ìrì orí bíréèkì dín kù díẹ̀, inú mi dùn títí mo fi dé ibi tí ọ̀nà ti já ní ìta Arámọkọ. Kòtò kan tí mo ti ń kọjá láti ọjọ́ yìí wá gbá iwájú máṣíìnì débi pé ríìmù tẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ọ́ìlì tó ki mú kí ìkọ̀ pọ̀ sí i níbi tó ti kéré, ó sì tún mú kó pọ̀ sí i níbi tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ ki wáṣà tàbí irin sí orí sípíríǹgì kó lè fún un mọ́lẹ̀. Ìyẹn ń gbé iwájú máṣíìnì ga sókè ni, kò sọ sípíríǹgì di líle, kò sì kan ìjánu rárá.

Kí ẹ tó ronú àtira ohunkóhun, ẹ tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí gidigidi. Ọ́ìlì tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀kì fún ogún ọdún kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Èyí tó jáde nínú tèmi dúdú, ó ń rùn, lẹ́búlẹ́bú irin sì wà nínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́nu páìpù, bá ń jò, ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi èékánná yẹ ara páìpù wò. Bí ìpẹta bá ti jẹ ẹ́, síìlì tuntun kò ní pẹ́ kó tó ya. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ Japan kọ fún àwọn alùpùpù àwọn ọdún 1970 ní kí a lo ATF, ọ́ìlì pupa tí à ń dà sínú jíà ọkọ̀ ọ́tòmátíìkì, ó sì wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì ní Adó. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ni ẹ fi ń jẹun, ọ́ìlì tuntun, síìlì tuntun àti sípíríǹgì tó dára ti tó yín. Ẹ má ná owó sí èyí tí mo fẹ́ sọ níwájú.

Sípíríǹgì ló tẹ̀ lé e. Ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara páìpù, kí ẹnì kan gbé iwájú máṣíìnì kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn bí páìpù ṣe gùn tó síta. Ẹ wá jókòó lé e bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹ kó tó bí ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta gbogbo àyè ìrì ṣọ́ọ̀kì. Lórí máṣíìnì ojú títì tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń rì ní 120 mm, 30 sí 40 mm ni ẹ ń wá. Bó bá rì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, sípíríǹgì ti rẹ̀. Bó jẹ́ díẹ̀ ló fi kọjá, ẹ lè gé páìpù PVC tí àwọn pọ́lọ́ńbà ń lò, kí ẹ fi gbé sípíríǹgì lórí. Ìjánu tó dára jù láyé kò lè ran sípíríǹgì tó ti kú lọ́wọ́.

Ó tó àkókò wàyí láti sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe gan-an. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn máṣíìnì ìdíje orí ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ṣọ́ọ̀kì tí fáàfù inú rẹ̀ máa ń ṣí bí ìtì bá ti pọ̀. Kò rọrùn láti gbé gbogbo inú wọn sínú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́. Torí èyí ni àwọn kan fi ṣe fáàfù kékeré kan tó lè jókòó sórí ọ̀pá oníhò náà. Race Tech ti Amẹ́ríkà ń ṣe é, wọ́n ń pè é ní emulator. YSS ti Thailand náà ní tiwọn. Kò ju ohun tí ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀ lọ: irin rìbìtì tó ní ihò, àwo pẹlẹbẹ tó bo ihò náà, sípíríǹgì kékeré tó tẹ àwo náà mọ́lẹ̀, àti síkúrù tó ń pinnu bí sípíríǹgì náà ṣe tẹ̀ ẹ́ tó.

Ẹni tó bá ti se iṣu fún iyán rí ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí omi bá ń hó díẹ̀díẹ̀, ooru ń gba etí ìdérí jáde, ìdérí kò mì. Bí iná bá pọ̀, ooru á ti ìdérí sókè fúnra rẹ̀, á jáde, ìdérí á tún padà sílẹ̀. Bí ìyá yín bá gbé òkúta lé ìdérí, ó di ìgbà tí ooru bá pọ̀ gan-an kó tó gbé e. Nínú emulator, ihò tín-ínrín kan wà fún ìwọlẹ̀ tó falẹ̀. Nítorí pé ó kéré, ìkọ̀ rẹ̀ ti tó láti orí bíréèkì. Nígbà tí etí kòtò bá ta páìpù wọlẹ̀, ọ́ìlì á ti àwo náà sókè, ọ̀nà á là, ìkọ̀ kò ní di ìlọ́po ìlọ́po mọ́. Síkúrù ni òkúta orí ìdérí.

Kí èyí tó lè ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ihò àtijọ́. Bí wọ́n bá ṣì kéré bí wọ́n ṣe wà, àwọn náà ni yóò ṣì máa dí ọ́ìlì lọ́nà, fáàfù tuntun á kàn jókòó lásán. Ohun tí Race Tech ní kí a ṣe ni pé kí ihò ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà di mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 8 mm. Ẹ fi dírílì fẹ àwọn tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì lu àfikún. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín wọn, kí ìpele kan kọjú sí iwájú, kí èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sí ẹ̀gbẹ́, nítorí bí wọ́n bá tò sójú ìlà kan, ọ̀pá á di aláìlágbára. Àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lókè ọ̀pá, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ni ìjánu nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ń padà sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáìlì ra gbogbo etí ihò, kí ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí kò fi ní sí lẹ́búlẹ́bú kankan níbẹ̀. Ihò tí a ti fẹ̀ kò ṣe é dí padà, nítorí náà bí ẹ bá rí ọ̀pá mìíràn rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò àlòkù, ẹ lu ìyẹn, kí ẹ sì pa ti àtilẹ̀wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ṣíṣí i. Ẹ fi igi tó lágbára gbé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì sókè kí iwájú máṣíìnì má baà wó lù yín. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó di orí páìpù mú kí ẹ tó tú ìdérí orí rẹ̀, kí ẹ má sì ṣe gbé ojú yín sókè rẹ̀ gan-an. Sípíríǹgì wà nínú ìhámọ́ lábẹ́ ìdérí yẹn, ó sì lè ta á sókè.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ọ̀pá á wọlé, emulator á jókòó pẹrẹsẹ sórí rẹ̀, sípíríǹgì ńlá á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gé páìpù PVC orí sípíríǹgì kúrú tó bí emulator ṣe nípọn tó. Bí ẹ bá gbàgbé, iwájú máṣíìnì á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ́ìlì ńkọ́? Mo ti sọ lókè pé ọ́ìlì tó ki kì í ṣe ojútùú, mo sì fẹ́ ní kí ẹ lo èyí tó ki báyìí, 15W tàbí 20W. Kò ta ko ara wọn. Nísinsìnyí tí fáàfù ti gba iṣẹ́ ìwọlẹ̀, ohun tó kù fún ọ́ìlì láti pinnu ni ìpadà sókè, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín orí ọ̀pá sì nílò ọ́ìlì tó ki díẹ̀ kó tó lè fa sípíríǹgì sẹ́yìn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé W ara ike nìkan, nítorí 10W ilé iṣẹ́ kan lè ki ju ti òmíràn lọ. Iye cSt, òṣùwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó, ní 40°C ni kí ẹ fi wé ara wọn. Bí ẹ bá ti da ọ́ìlì sí i, ẹ gbé páìpù lọ gbé bọ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ pátápátá láìsí sípíríǹgì nínú rẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọn láti ẹnu páìpù dé ojú ọ́ìlì. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ọ́ìlì náà jẹ́ sípíríǹgì kan láyè ara rẹ̀: bí ọ́ìlì bá ga sí i, afẹ́fẹ́ á dín kù, ṣọ́ọ̀kì á sì túbọ̀ le nígbà tó bá fẹ́ẹ̀ rì tán.

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù àtijọ́ ni èyí kàn. Honda C70 àti C90 kò ní páìpù tó ń wọnú ara wọn níwájú; apá kékeré ni táyà wọn so mọ́, bí ti Vespa náà ṣe ní apá tirẹ̀. Àwọn Honda kan láti àwọn ọdún 1960 náà ní fọ́ọ̀kì onípáìpù, ṣùgbọ́n písítìnnì wà ní ìdí páìpù fúnra rẹ̀, kò sí ọ̀pá tí fáàfù lè jókòó lé. Ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ wo ìdí ṣọ́ọ̀kì láti abẹ́. Bí bọ́ọ̀tì kan bá wà níbẹ̀ tó ń wọ inú lọ sókè, ó ṣeé ṣe gan-an kí ọ̀pá wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn inú páìpù, nítorí bí páìpù bá ṣe fẹ̀ sí ni emulator ṣe ń tóbi sí.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò lójú ọ̀nà. Èmi fi síkúrù sí yíyí méjì, mo sì gun máṣíìnì náà lọ sí òkè tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bíréèkì kò ri í mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí kòtò ṣì ń ta ọwọ́ mi. Mo tú ìdérí, mo fi wáyà tí mo tẹ̀ bí ìwọ̀ fa emulator jáde, mo dín síkúrù kù ní ìlàjì yíyí. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì ń rì jù lórí bíréèkì, mi ò bá fún un sí i ni. Bí iwájú máṣíìnì yín bá kọjá bọ́ǹpù tó sì tún ń mì lọ mì bọ̀, ọ́ìlì ò ki tó. Bó sì jẹ́ pé lórí ọ̀nà gbágungbàgun tí kòtò rẹ̀ tẹ̀ léra, ṣe ló ń kúrú sí i bí ẹ ṣe ń lọ, tí kò ráyè gbérí kí òmíràn tó dé, ọ́ìlì ti ki jù. Nǹkan kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, ojú ọ̀nà kan náà sì ni kí ẹ padà sí.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé: yíyí kan àti ààbọ̀, irú ọ́ìlì, bí ojú rẹ̀ ṣe jìnnà sí ẹnu páìpù tó, gígùn PVC, ọjọ́ tí mo ṣe é. Mo wé e sínú ọ̀rá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá mi ti fi ẹfun kọ orúkọ wọn sí, kí ẹni tó bá tún tú u lẹ́yìn mi lè mọ ohun tó máa bá nínú rẹ̀.